Tábìlì Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹta, ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ni Nolfa Aránguiz àti Yasna Collío kọ́kọ́ pàdé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí ó wà ní àdúgbò Franklin, ní ìlú Santiago. Ọ̀pá irin tí ń yí, èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ sanwó kí ó tó kọjá, ni ó wà láàárín wọn. Nolfa dúró sí ìta, nítorí pé kò fẹ́ san owó ọkọ̀ tí kò ní wọ̀. Yasna dúró sí inú, nítorí pé bí ó bá jáde, yóò tún owó mìíràn san kí ó tó padà wọlé. Báyìí ni àwọn tí ń ta ẹrù ilé lórí fóònù ṣe máa ń pàdé oníbàárà wọn ní ìlú náà: wọn a na ọwọ́ sí ara wọn lórí irin bí ẹni tí ó wá kí ẹlẹ́wọ̀n, owó a kọjá sí ìhín, báàgì a kọjá sí ọ̀hún, olúkúlùkù a sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Báàgì méjì ni Nolfa gbé wá ní ọjọ́ náà, báàgì ńlá onílà pupa àti búlúù, tí wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì. Ìkòkò ńlá tí a fi ń se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ èrò wà nínú ọ̀kan. Ó ti fi kúbùsù ògbólógbòó wé e kí ó má baà máa dún. Kọ́tìnnì yàrá ìgbàlejò mẹ́fà wà nínú èkejì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá pesos ni iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníbàárà náà kò fi orúkọ gidi hàn lórí fóònù: ẹni tí ó fẹ́ ìkòkò ń pe ara rẹ̀ ní Los Boldos, ẹni tí ó fẹ́ kọ́tìnnì sì ń pe ara rẹ̀ ní Ẹkùn Gúúsù. Nígbà tí Nolfa béèrè bí òun yóò ṣe dá wọn mọ̀, Los Boldos dáhùn pé, “Ẹ̀wù pupa ni mo máa wọ̀.” Èyí tó Nolfa. Kò béèrè nǹkan mìíràn mọ́.

Ohun tí ó gbàgbé ni pé ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè yóò wọ pápá. Nígbà tí ó gbé ojú sókè, gbogbo ibùdókọ̀ ti pọ́n bí ata. Bàbá arúgbó wọ ẹ̀wù pupa, ọmọ ọwọ́ wọ ẹ̀wù pupa, a rí ajá kan pàápàá tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ lọ́rùn. Ẹlẹ́wù pupa àkọ́kọ́ tí ó na ọwọ́ sí i jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan.

“Àǹtí, tèmi dà?”

“Gbà, gbà, má jẹ́ kí ọkọ̀ fi ẹ́ sílẹ̀! Èènì wà nínú ẹ̀ o!”

Nolfa sì gbé ìkòkò fún un. Kò pẹ́ tí obìnrin kan tí ó wọ ẹ̀wù pupa, Yasna gan-an, fi dé, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, irun rẹ̀ sì ti tú sí ojú rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ má bínú, èrò pọ̀. Ẹ̀wù pupa mi rèé.”

“Ọmọ mi, ẹ̀wù pupa tìẹ nìkan kọ́ ló jáde lónìí.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Pẹ̀lú ẹ̀rín náà ni Nolfa fi gbé kọ́tìnnì lé e lọ́wọ́, ó gba owó rẹ̀, ó sì gba ilé lọ. Èrò inú ọkọ̀ há gádígádí tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí kò sí èyí tí ó rí àyè tú báàgì rẹ̀ wò nínú àwọn oníbàárà méjèèjì.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni Nolfa ní ìgbà yẹn. Ó ti se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, nítorí náà kò sí ẹni tí kì í pè é ní Àǹtí ní Franklin, títí dé orí ọlọ́pàá tí irun rẹ̀ ti funfun. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Ilé ìyá náà, níbi tí a bí òun àti Eleodoro àbúrò rẹ̀ sí, ni àwọn méjèèjì ti tà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kó kọ́kọ́rọ́ fún olówó rẹ̀ ní Àbámẹ́ta tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta, ní agogo méjìlá ọ̀sán, kí ilé náà ṣófo láìku abẹ́rẹ́. Yàrá méjì ni Nolfa ti gbà sí àjà kẹtàdínlógún nínú ilé gogoro kan. Ẹ̀rọ agbéniròkè ibẹ̀ kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ.

Eleodoro ni ó kọ́ ọ bí a ṣe ń ta ọjà lórí fóònù ní àárín àwọn ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n kí oṣù kan tó pé, akẹ́kọ̀ọ́ ti ju olùkọ́ lọ. Nolfa kì í ta ohun tí kò fọ̀. Kì í fi àléébù pamọ́. Nípa kẹ́tù rẹ̀ ó kọ ọ́ pé: “Ó máa ń súfèé, ṣùgbọ́n kí omi tó hó ni. Ẹ má gbà á gbọ́.” Nípa àga ìrọ̀gbọ̀kú ó kọ ọ́ pé: “Ológbò wa ti fi èékánná kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn àga yìí. A kò lè kà á.” Bí ó ti wù kí ọjà kéré tó, kò sí èyí tí kò fi èènì sí, ìyẹn ìgò kékeré jáàmù membrillo, èso tí ó máa ń pọ́n ní àsìkò náà, tí òun fúnra rẹ̀ sè. Ó máa ń sọ pé ọjà tí kò ní èènì kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó jáde ilé láìdágbére.

Ẹrù gbogbo lọ. Ibùsùn lọ, kọ́bọ́ọ̀dù lọ, àga ìjẹun méjìlá lọ ní méjìméjì. Ṣùgbọ́n tábìlì tí àwọn àga náà yí ká kò lọ.

Bàbá wọn, tí ó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ni ó kàn án láti ara igi raulí, igi pupa tí òórùn rẹ̀ kì í tán. Ènìyàn méjìlá ń jókòó sí i, àyè a sì gbà wọ́n dáadáa. Nígbà tí Nolfa àti Eleodoro wà ní kékeré, abẹ́ tábìlì náà ni wọ́n máa ń sá sí bí ilẹ̀ bá ń mì. Bàbá ti fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ḿbà sí abẹ́ rẹ̀ káàkiri, láti orí ení dé orí ẹ̀jọ, àwọn ọmọ sì ti pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́: abẹ́ ení ni àyè Nolfa, abẹ́ ẹ̀ta ni ti Eleodoro, àwọn ọmọ aládùúgbò tí ó bá wá ṣeré a sì mú èyí tí ó kù. Ní ọdún 1985, ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá wó ògiri iwájú ilé. Nígbà tí wọ́n tún un mọ, wọ́n dín ẹnu ọ̀nà kù kí ògiri lè lágbára, wọ́n sì fi irin tí ó ń dènà olè sí ojú fèrèsé gbogbo. Láti ọjọ́ náà ni tábìlì ti wà nínú ilé bí ẹja tí ó dàgbà nínú ìgò: ó ti wọlé, kò sì lè jáde mọ́.

Ohun tí Nolfa ń bẹ̀rù nìyí. Kò bẹ̀rù àjà kẹtàdínlógún, kò sì bẹ̀rù pé òun yóò dá gbé. Pé kí a fi ayùn rẹ́ tábìlì bàbá òun sí wẹ́wẹ́ ni ó ń lé oorun lójú rẹ̀. Ó kọ òtítọ́ sí abẹ́ fọ́tò rẹ̀: “Tábìlì ènìyàn méjìlá. Bàbá mi ni ó kàn án. Kò gba ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, kí ó kọ́kọ́ sọ fún mi, ènìyàn mélòó ni ń jẹun nínú ilé rẹ̀?”

Ìdáhùn kò wọ́n.

“Ó ṣì wà?” ni ẹnì kan kọ.

“Ó wà. Ènìyàn mélòó ní ń jẹun nílé yín?”

“Èmi nìkan ni. Mo fẹ́ là á sí méjì, kí n fi apá kan gbé kọ̀ǹpútà.”

“Ó ti tà,” ni Nolfa kọ padà.

Ẹlòmíràn sọ pé ìyàwó òun fẹ́ kùn ún ní ọ̀dà funfun, kí ó máa gbé òdòdó lé e.

“Òdòdó kì í jẹun. Ó ti tà.”

Ẹnì kẹta sọ pé ẹsẹ̀ tábìlì náà nìkan ni ó wu òun.

“Lọ bá alápatà,” ni Nolfa kọ sí ìyẹn.

Eleodoro, tí ó ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé kan, ka àwọn ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, ó sì fi ọwọ́ lé orí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé tábìlì lẹ fẹ́ tà ni, àbí ẹ fẹ́ fọmọ fọ́kọ?”

“Bí ọkọ bá dáa, a ó fi fún un.”

“Ọkọ wo? Tábìlì tí kò lè jáde nílé bàbá ẹ̀! Ẹ gbọ́, mo ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ tó ń ra pákó àlòkù. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Àbámẹ́ta yẹn ló ń bọ̀, tòun ti ayùn ẹ̀. Bí ẹ bá ti rọ́kọ kó tó dé, kò burú. Bí ẹ ò bá rí, ẹ má bá mi jà.”

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí mo mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀. Nolfa padà dé láti ibùdókọ̀, ó po tíì, ó tẹ píà sí ojú búrẹ́dì, ó sì jókòó sí igun kan tábìlì náà lórí àpótí, nítorí pé kò sí àga nínú ilé mọ́. Fóònù rẹ̀ dún. Ẹkùn Gúúsù ni.

“Àǹtí, kọ́tìnnì ni mo béèrè, ìkòkò lẹ fún mi. Ṣé kí n gbé ìkòkò kọ́ fèrèsé ni? Àwọn aládùúgbò ń wò mí o.”

Kí Nolfa tó gbé tíì sílẹ̀, ti Los Boldos wọlé.

“Àǹtí, kọ́tìnnì yín rẹwà, mo kí yín fún un. Àmọ́ mo gbé e kaná, kò hó.”

Ojú ti Nolfa débi pé ó dìde kúrò lórí àpótí bí ẹni tí ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún fóònù. Lẹ́yìn náà ni ó wá rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí obìnrin náà fi kún un: “Ẹ dákun, ó ṣe pàtàkì. Ọ̀la Ẹtì la fẹ́ se ẹ̀wà fún àdúgbò, ìkòkò tiwa sì ti jò.” Ẹni tí ó ti bọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kò nílò kí a túmọ̀ èyí fún un. Ó mọ bí ojú ènìyàn ṣe máa ń rí nígbà tí agogo oúnjẹ bá lù tí iná kò sì sí lábẹ́ ohunkóhun. Ó kọ ọ́ sí àwọn méjèèjì pé: “Aago méje òwúrọ̀ ọ̀la, níbi irin yẹn. Èmi fúnra mi máa gbé ìkòkò náà délé.”

Ní òwúrọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti dúró, orúkọ rẹ̀ gan-an ni Nibaldo, ó sì gbá ìkòkò náà mọ́ àyà.

“Àǹtí, mo tiẹ̀ ti ń nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gba ìkòkò yín. Àmọ́ èènì ni mi ò lè dá padà o.”

“Kí ló ṣe èènì?”

“Mo ti jẹ ẹ́ tán lóru àná. A jẹ góòlù mẹ́ta, Àǹtí! Kí ni kí n fi tu ara mi nínú?”

Yasna, tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, na kọ́tìnnì sí i. “Gba ti ẹ. Mo ti lọ̀ ọ́ fún ẹ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó ti dórí iná rí.”

Nígbà tí Nibaldo lọ, Nolfa ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí ó ti ń tajà: ó san owó ọkọ̀, ó sì kọjá irin. Òun àti Yasna di etí ìkòkò náà mú ní ọ̀tún àti ní òsì, wọ́n wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, títí wọ́n fi dé Villa Los Boldos ní apá gúúsù ìlú. Àgbàlá Yasna ni wọ́n ti ń dáná. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni Yasna ń ṣe, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, òun àti àwọn obìnrin méjì mìíràn máa ń se oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ oúnjẹ ní àdúgbò. Ẹ̀wà pẹ̀lú sùpàgẹ́tì ni ti ọjọ́ náà. Nolfa ti pinnu pé òun yóò gbé ìkòkò sílẹ̀ ni, òun yóò sì padà. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan. Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

“Ta ló fiyọ̀ sí ẹ̀wà yìí?”

“Èmi ni, Àǹtí.”

“O ò fi sí i. O fi hàn án ni.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sún kí ó rí àyè dúró níwájú iná.

Ní ọ̀sán, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ni Nolfa bá rí ohun tí ó mú kí ó gbàgbé ṣíbí ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Oúnjẹ wà, ìjókòó kò sí. Àwọn kan jẹun lórí pátákó ìlọṣọ, àwọn kan lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìlẹ̀kùn àtijọ́ kan tí wọ́n gbé lé gáráwá ọ̀dà méjì ni ibi tí ó dára jù. Bàbá kan gbé àwo rẹ̀ sí ojú fèrèsé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ènìyàn. Ìyá arúgbó kan dúró jẹ tirẹ̀ tán ní kíákíá, bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè.

“Yasna,” ni Nolfa wí, “ènìyàn mélòó ní ń jẹun níbí?”

Yasna fi apá bo ojú, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Mo mọ ìbéèrè yẹn, Àǹtí! Mo ti kà á lórí fóònù. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo fọ́tò tábìlì yín yẹn. Mi ò kàn béèrè pé ‘ó ṣì wà’ ni, torí mo mọ ohun tó wà lápò mi.”

“Mo ní ènìyàn mélòó?”

“Mẹ́tàlélọ́gọ́ta lónìí. Tó bá di ìparí oṣù, wọ́n á tó àádọ́rin.”

Nolfa nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kí ó tó dáhùn. “Ó ti tà.”

Ẹ̀rín kúrò ní ẹnu Yasna. “Kò burú, Àǹtí. Ta ló rà á?”

“Ìwọ ni.”

Yasna kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nolfa fèsì pé ta ni ó dárúkọ ọ̀fẹ́. Ẹgbẹ̀rún kan pesos ni iye rẹ̀, kí ó san án ní ìsinsìnyí, nítorí pé ohun tí a kò rà kì í ní èènì.

“Èènì wo lẹ máa wá fún mi?”

“Kọ́kọ́ gbé e kúrò nílé mi ná.”

Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tí ó kù. Ní Àbámẹ́ta, kí agogo mẹ́wàá tó lù, Yasna ti dé pẹ̀lú ọkọ̀ ẹrù tí ó yá lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Eleodoro ti wà níbẹ̀. Nígbà tí agogo mẹ́wàá lù gan-an, ọkùnrin pákó náà kan ìlẹ̀kùn. Ó jẹ́ ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́, onírùngbọ̀n, orúkọ rẹ̀ ni Zoilo. Ayùn rẹ̀ wà nínú àpò aṣọ bí ohun èlò orin. Nolfa ní kí ó fún àwọn ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n. Ó gbà, ó sì jókòó sí orí àpótí.

Wọ́n gbé tábìlì ní òró, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ògiri. Wọ́n gbé e ní ìbú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjì fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Wọ́n dojú rẹ̀ kọ fèrèsé, irin kò sún. Òógùn bo Eleodoro.

“Mo sọ fún yín. Ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?”

“O sọ.”

“Ẹ̀yin ará,” ni Zoilo wí láti orí àpótí, “mo níbòmíì tí mò ń lọ o.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn àpò ayùn náà.

Wọ́n ti gbé tábìlì padà sí ààyè rẹ̀. Nolfa tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé e. Ìgbà náà ni okùn iná tí ó ń rọ̀ ní òkè àjà bẹ̀rẹ̀ sí í fì.

“Ó ń mì,” ni Yasna wí.

“Á kọjá,” ni Eleodoro dáhùn, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn ti máa ń wí ní ilẹ̀ náà.

Kò kọjá. Gíláàsì fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ilẹ̀ ń kù rìrì lábẹ́ bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá nínú yàrá, erùpẹ̀ sì jábọ́ láti òkè. Kí ẹnikẹ́ni tó wí pé kí a ṣe báyìí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lábẹ́ tábìlì, Zoilo tòun ti ayùn rẹ̀.

“Sún!” ni Eleodoro kígbe mọ́ ọn. “Abẹ́ ẹ̀ta lo jókòó sí! Èmi ni mo ni ẹ̀ta!”

“Ẹ̀ta kí ni?”

“Àyè mi ni! Láti kékeré!”

“Bàbá àgbà, ilẹ̀ ń mì, ẹ ń bá mi du ìjókòó?”

Ẹ̀rín gba Nolfa. Ó gba Yasna. Nígbà tí ilẹ̀ dákẹ́, kò sí ẹni tí ó lè dìde nínú wọn, nítorí pé bí ọ̀kan bá ti dákẹ́ ẹ̀rín ni èkejì yóò tún pe, “Sún!” Zoilo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ń fi èékánná họ abẹ́ tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà tí wọ́n ń jà lé lórí.

“Ta ló kan tábìlì yìí?”

“Bàbá wa ni,” ni Nolfa wí.

“Kò sí ìṣó irin kankan níbẹ̀. Ẹ wò ó. Ìṣó igi ló fi kàn án, ó wá fi pọ́líìṣì bò ó lórí kéèyàn má baà rí i. Ìṣó kan rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ta. Òmíì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rin.” Ó yí ojú sí wọn. “Àwọn nọ́ḿbà yìí kì í ṣe ti ọmọdé o. Bí wọ́n ṣe ń tú u ló kọ síbẹ̀.”

Eleodoro wo ẹ̀ta rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

“Bàbá ò sọ fún wa.”

“Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa,” ni Nolfa dáhùn. “Àwa la jókòó sábẹ́ ìwé tí a ò kà.”

Zoilo rọra ti ayùn padà sínú àpò, ó sì béèrè bóyá òòlù kan ṣẹ́kù nínú ilé náà. Nolfa ti ta òòlù. Wọ́n yá ti aládùúgbò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Zoilo gbé ègé igi lé ìṣó kọ̀ọ̀kan kí ó tó lù ú, ìṣó náà a sì yọ jáde pẹ̀lú ohùn kékeré kan, òórùn raulí a gba yàrá bí ẹni pé àná ni wọ́n gé igi. Ẹ̀ta kọ̀ kò yọ. Eleodoro gba òòlù lọ́wọ́ Zoilo, ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ. Ó fi ìṣó náà sí àpò ẹ̀wù rẹ̀. Yasna ní láti rán an létí pé kí ó mú un wá, nítorí pé tábìlì kò lè dúró láìsí i. Kí agogo méjìlá tó lù, ojú tábìlì ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà ní pátákó mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ̀ lé e, ilé sì ṣófo. Zoilo kò gba owó kankan. Ó bá wọn gun ọkọ̀ ẹrù lọ, ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i bí wọn yóò ṣe tò ó padà, láti orí ẹ̀jọ dé orí ení.

Nígbà tí tábìlì dúró tán ní àgbàlá Yasna, Nolfa mú fóònù jáde, ó sì tẹ ibi tí a kọ “Ó ti tà” sí lábẹ́ fọ́tò rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, òtítọ́ ni.

“Àǹtí,” ni Yasna wí, ó sì na ọwọ́, “mo sanwó. Èènì mi dà?”

Nolfa ti so ẹ̀wù ìdáná mọ́ ìdí.

“Èmi gan-an ni èènì. Ìṣẹ́gun àti Ẹtì. Níbo lẹ kó iyọ̀ sí?”

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, Nolfa máa ń sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹtàdínlógún ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, yóò san owó ọkọ̀, yóò sì kọjá irin. Ènìyàn méjìlá ni ń jókòó lẹ́ẹ̀kan, wọn a sì pààrọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà kí gbogbo ènìyàn tó jẹun tán. Bàbá ojú fèrèsé ti kọ ojú sí ènìyàn báyìí. Òun ni ó máa ń sọ̀rọ̀ jù. Eleodoro máa ń wá ní ọjọ́ Ẹtì, ó sì ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ni ó ni ibi tí ẹ̀ta wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó lè rí i láti òkè.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù tí kò tíì pé. Àga méjìlá tí ó yẹ kí ó yí tábìlì náà ká ni Nolfa ti tà ní méjìméjì kí ó tó pàdé Yasna, Eleodoro kò sì jẹ́ kí ó gbàgbé. Mẹ́jọ ni àwọn ará àdúgbò ti rí kó jọ, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ àpótí; orí gáráwá ọ̀dà ni àwọn mẹ́rin yòókù ń jókòó sí. Nítorí náà, ìwọ tí o ka ìtàn yìí, bí àga kan bá wà ní ilé rẹ tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé mọ́, jọ̀wọ́, má kọ “Ó ṣì wà” sí abẹ́ fọ́tò rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Gbé e wá sí àgbàlá Yasna Collío ní Villa Los Boldos ní ọjọ́ Ẹtì èyíkéyìí, kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù. Kò pọn dandan kí ó lẹ́wà. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáà pé mẹ́rin.